Lílọ Jẹ Ẹran Yíyan ní Lockhart, Texas: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Wakọ̀ Lọ

Igẹ̀ màlúù, èyí tí wọ́n ń pè ní brisket, tí wọn yóò gé fún yín ní Lockhart láago mọ́kànlá àárọ̀ ọ̀la, ó ṣeé ṣe kó ti wà nínú ààrò lálẹ́ òní. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyẹn, torí òun ló ń pàṣẹ fún ohun gbogbo tó kù: ọjọ́ tí ẹ ó lọ, aago tí ẹ ó kúrò nílé, iye tí ẹ ó rà. Ilé oúnjẹ mìíràn lè dáná fún oníbàárà tó bá wọlé lójijì. Níbí, èyí tí wọ́n gbé kaná lánàá ni wọ́n ní lónìí. Bó bá tán, ó tán nìyẹn, ẹni tó sì wakọ̀ wákàtí méjì ààbọ̀ wá lè rí sọ́sééjì nìkan bá lórí tábìlì.

Ará Houston ni mo fi ń bá sọ̀rọ̀ jù, torí èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀ gan-an, ìrìn àjò náà kò sì ju ohun tí a lè lọ ká tún padà dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ ẹni tó bá ń bọ̀ láti Dallas, San Antonio, tàbí tó bá ọkọ̀ òfuurufú dé sí Austin láti London, lè lò ó pẹ̀lú. Lockhart kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì sí gúúsù Austin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìlú kan, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀

Texas fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin Nàìjíríà, ẹran yíyan wọn kò sì rí bákan náà káàkiri. Ní ìlà oòrùn, lápá ibi tó súnmọ́ Louisiana, wọ́n fẹ́ràn ọbẹ̀ dídùn lórí ẹran. Ní gúúsù, lẹ́bàá Mẹ́síkò, orí màlúù ni wọ́n ń sè títí yóò fi rọ̀. Ní àárín gbùngbùn, níbi tí Lockhart wà, iyọ̀, ata dúdú àti èéfín igi post oak ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má gbìyànjú láti kárí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìrìn àjò kan. Ojú ọ̀nà ni ẹ ó máa wò dípò ẹran.

Ọ̀pọ̀ á ní kí ẹ lọ sí Franklin Barbecue ní Austin, tó ti wà láti 2009, tí ìlà rẹ̀ kì í kéré. Ẹran wọn dára, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn fi gbogbo òwúrọ̀ dúró sórí ìlà fún ilé kan ṣoṣo, nígbà tí Lockhart ní ilé mẹ́ta tó ti pẹ́ láyé tó báyìí, tí wọn ò jìnnà síra, kò bá mi lára mu. Ilé aṣòfin kékeré Texas sọ Lockhart di olú ìlú ẹran yíyan ìpínlẹ̀ náà ní 1999, ilé aṣòfin àgbà sì tẹ̀ lé e ní 2003. Fún ìgbà àkọ́kọ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ.

Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀, torí òun ló ń ṣàlàyé ìwà àwọn ilé náà. Alápatà ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣí wá láti Jámánì àti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì máa ń fi èéfín yan ẹran tí wọn kò bá rí tà kó má bàa bàjẹ́. Àwọn tó ń já òwú lóko, tí aláwọ̀ dúdú àti ará Mẹ́síkò pọ̀ nínú wọn, á rà á, wọ́n á jẹ ẹ́ níbẹ̀ lórí bébà tí alápatà fi wé e, pẹ̀lú bísíkíìtì oníyọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ẹran lórí òṣùwọ̀n títí dòní, tí ẹ kò fi ní rí àwo. Àwọn aláwọ̀ dúdú Texas náà ní ẹran yíyan tiwọn tó ti pẹ́; wọn kì í sábà ṣe àjọ̀dún òmìnira ti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà láìsí ẹran lórí iná.

Àwọn ilé mẹ́ta náà nìyí. Charles Kreuz dá Kreuz Market sílẹ̀ ní 1900. Edgar Schmidt, tí gbogbo ayé ń pè ní Smitty, rà á ní 1948. Nígbà tó kú ní 1990, ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni òwò wà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sì jogún ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ogún nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé lórí ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 1999, Rick Schmidt, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin náà, kó Kreuz lọ sí ilé ńlá tuntun ní òpópónà North Colorado, wọ́n sì fi agbada irin wọ́ ẹyín iná láti ààrò àtijọ́ gba ojú títì lọ, kí iná náà má bàa kú. Nina, ọmọbìnrin tó jogún ilé, ṣí Smitty's Market sínú ilé àtijọ́. Ilé kẹta ni Black's Barbecue, tó ti wà láti 1932, ìdílé kan náà ló sì ṣì ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ọjọ́ àti aago

Ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì bí iṣẹ́ bá gbà. Sátidé ni gbogbo Austin ń tú jáde, àwa náà sì mọ̀ pé Sátidé Houston, aṣọ ẹbí ló ni ín. Kò sí bí ẹ ṣe lè ti Lockhart dé láago mẹ́rin kí ẹ tún jókòó ti ìrẹsì àríyá láago mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹran yíyan Texas kì í ṣí ní Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, àwọn mìíràn sì jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Snow's BBQ ní Lexington, fún àpẹẹrẹ, Sátidé nìkan ló ń ṣí, láago mẹ́jọ àárọ̀. Nítorí náà ẹ wo ojú ìwé ilé kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ ní ọdún tó kọjá.

Ẹ fi Houston sílẹ̀ ní aago méje àárọ̀. Àwọn ilé ẹran máa ń ṣílẹ̀kùn láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹran dára jù, torí kò tíì pẹ́ tó jáde. Ẹ má sọ pé ẹ ó lọ jẹ oúnjẹ alẹ́. Igẹ̀ màlúù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kánjú sè. Apá ibi tí ẹran náà fi ń gbé ìwúwo ara rẹ̀ ni, ó le, iṣan inú rẹ̀ pọ̀. Iná ibi tí wọ́n ti ń yan án kì í ju ìwọ̀n 225 sí 275 Fahrenheit lọ ní ọ̀pọ̀ ilé, ó sì lè gba wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí inú ẹran tó gbóná dé bí 203, níbi tí iṣan líle náà ti máa yọ́ di omi tó ń dán. Láàárín kan, omi tó ń jáde lára ẹran á máa tù ú bó ṣe ń gbẹ, ooru inú rẹ̀ á sì dúró lójú kan fún wákàtí bíi mélòó kan bí ẹni pé iná ti kú. Kò sí ẹni tó lè sáré jù ú. Ilé tí ẹran bá kù díẹ̀ sí lọ́wọ́ láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò ní lọ gbé òmíràn kaná nítorí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀nà

Láti Houston, òpópónà I-10 ni ẹ ó gbà sí ìwọ̀ oòrùn títí dé Luling, kí ẹ yà sí US-183 lọ sí àríwá. Nǹkan bíi máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ní Luling, ẹ ó rí Buc-ee's, ilé epo àti ìtajà ńlá, tí wọ́n kọ́ tuntun ní 2024, tó fẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gọ́rin ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti òró. Ilé ìyàgbẹ́ wọn mọ́, ẹ ra yìnyín níbẹ̀, kí àwọn ọmọdé na ẹsẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa pariwo pé brisket tuntun ti dé orí pákó. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́.

Ẹni tó ń bọ̀ láti San Antonio lè gba òpópónà 130 láti Seguin. Wọ́n ń gbowó níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí géètì tí ẹ ó ti san án. Kámẹ́rà á ya nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé owó á sì wá sílé. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ayálò ni, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà ṣáájú, torí wọ́n máa ń fi owó tiwọn lé e. Wọ́n gbà kí èèyàn sáré 85 máìlì ní wákàtí kan níbẹ̀, kò sí ibòmíràn ní Amẹ́ríkà tó tó bẹ́ẹ̀. Lálẹ́, ẹ má sá a tán. Àgbọ̀nrín àti ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń sọdá.

Nínú ọkọ̀: kúlà ńlá, bébà fóìlì, aṣọ ìnuwọ́ tútù, omi mímu, owó káàṣì díẹ̀, igi ìtayín. Ẹ wọ aṣọ tí ẹ lè fọ̀ nírọ̀rùn. Èéfín á wọ gèlè, á wọ léèsì, kò sì ní jáde kí ẹ tó dé ilé ìjọsìn lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Níwájú ẹni tó ń gé ẹran

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ owó nù. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Smitty's, kí èrò tó dé. Ẹ wọlé láti ẹ̀yìn. Iná igi wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ààrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ ó tò sí gan-an, ooru rẹ̀ á sì gbá yín lójú. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra ẹran tán nínú yàrá èéfín, ẹ ó gbé e kọjá sínú yàrá ìjẹun, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti ra ẹ̀wà, búrẹ́dì àti ohun mímu lọ́tọ̀. Ẹ má máa béèrè sàláàdì lọ́wọ́ ẹni tó di ọ̀bẹ mú.

Ẹ kí i. Àwọn ará Texas mọ iyì "sir" àti "ma'am", ẹ̀kọ́ ilé wa sì wúlò níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Pọ́n-ùn kan jẹ́ bíi 454 gíráàmù. Ìdajì pọ́n-ùn fún àgbàlagbà kan, fún gbogbo ọjọ́ náà lápapọ̀, tó. Mo mọ̀ pé ẹ ó rò pé ó kéré, torí àwa kì í fi ojú yẹn wo ẹran, ṣùgbọ́n ọ̀rá inú rẹ̀ ń yó èèyàn kíákíá. Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin tí ẹ sì fẹ́ kárí ilé mẹ́ta, pọ́n-ùn méjì ni gbogbo rẹ̀: ẹ má ra ju ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ùn ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in: ìdámẹ́rin pọ́n-ùn igẹ̀, sọ́sééjì kan, àti díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ní kí wọ́n gé brisket, wọn á béèrè bóyá "lean" tàbí "moist". Egungun kò sí nínú igẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní apá méjì: ọ̀kan pẹlẹbẹ, kò ní ọ̀rá púpọ̀, òun ni "lean", èkejì sanra, ọ̀rá wọ inú rẹ̀ yíká, òun ni "moist". Ẹ béèrè èkejì. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ̀rá lè mú àkọ́kọ́, àmọ́ tí wọ́n bá fi ẹ̀yà pẹlẹbẹ tó ti gbẹ gé fún yín, ẹ ó rò pé gbogbo òkìkí Lockhart irọ́ ni.

Ẹ wo òṣùwọ̀n. Ẹni tó ń gé ẹran kì í rẹ́ni jẹ, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ ń sáré, ìdámẹ́rin lè di ìdajì. Ẹ ní kó dúró. Kò ní bínú. Owó igẹ̀ ní àwọn ilé tó lórúkọ ní Texas lè tó dọ́là 30 fún pọ́n-ùn kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà tó ń já ènìyàn kulẹ̀ jù ni ìhà màlúù ńlá. Ó dùn, Black's sì mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo lè wúwo ju pọ́n-ùn kan lọ, egungun wà nínú ìwọ̀n, ẹ sì lè san owó tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kó tó bọ́ sórí bébà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan tó, ẹ fi rọ́pò brisket ní ilé yẹn.

Ní Smitty's, ẹ mú sọ́sééjì àti ẹran igẹ̀. Ní Black's, ìhà. Ní Kreuz, ẹ mú ẹran èjìká màlúù, tí wọ́n ń pè ní "shoulder clod". Òun ló wà níbẹ̀ kí igẹ̀ tó gbòde, kì í ṣe ibi gbogbo sì ni ẹ ó ti rí i mọ́. Mo fi Kreuz kẹ́yìn torí yàrá rẹ̀ gbòòrò, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ tóbi, èrò kì í há èèyàn mọ́ níbẹ̀.

Fún ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó wà lọ́tọ̀, torí àwọn Mùsùlùmí wa pọ̀, àwọn Kristẹni kan náà sì wà tí kì í fọwọ́ kàn án. Ẹran màlúù ni igẹ̀, ìhà àti èjìká. Sọ́sééjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Texas ló ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pò mọ́ ti màlúù, èyí tó bá sì jẹ́ màlúù nìkan lè wà nínú ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ béèrè méjèèjì: kí ló wà nínú rẹ̀, kí ni wọ́n sì fi wé e. Ẹ̀wà pẹ̀lú: wọ́n máa ń fi bẹ́kìnnì sí i. Pákó àti ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n fi ń gé gbogbo ẹran, ẹran náà kì í sì í ṣe ti ẹni tó pa á pẹ̀lú bísímílà. Ẹni tí èyí bá ká lára, kó mọ̀ kó tó fi Houston sílẹ̀, kì í ṣe lójú òṣùwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Bí a ṣe ń jẹ ẹ́

Ẹ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó fi jẹ ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Kreuz kì í fún èèyàn ní fọ́ọ̀kì, kò sì tà ọbẹ̀. 2017 ni wọ́n tó gbà kí ọbẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ ègé àkọ́kọ́ ní òun nìkan, láìfi ohunkóhun sí i. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti wà lórí ìgò ata gígún nínú báàgì. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹran yìí kò ta, kò sì yẹ kó ta. Sùyà ń gbé adùn rẹ̀ wá láti ara yájì àti iná tó ń jó o tààrà. Èyí kò rí iná rí, èéfín àti ọ̀rá tó ń yọ́ ló ṣe é. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò tán tí ẹ sì ṣì fẹ́ ata, ata jalapeño wà, ẹ ta á lé e.

Ẹ yẹ ẹran wò kí ẹ tó gbà pé ó dára. Ẹ gbé ègé igẹ̀ kan sórí ìka. Ó yẹ kó tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì láìjá, kó sì já wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá rọra fà á. Bó bá fọ́ lọ́wọ́, ó ti pẹ́ jù lórí iná. Bó bá le bí okùn, kò tíì pẹ́ tó. Ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, iyọ̀ àti ata ló di èèpo bẹ́ẹ̀, kò jóná. Lábẹ́ èèpo yẹn, ẹ ó rí ilà pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọn ìyá wa máa ń dá a padà pé kò jinná. Ó jinná. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára igi tó ń jó ló wọ inú ẹran tó mú àwọ̀ pupa rẹ̀ dúró. Ní ti sọ́sééjì, awọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dún pọ́ lẹ́yìn eyín.

Búrẹ́dì funfun, bísíkíìtì oníyọ̀, àlùbọ́sà tútù àti kùkúmbà inú fínígà wà láti gé ọ̀rá náà lẹ́nu. Ẹ máa jẹ wọ́n láàárín. Sàláàdì ọ̀dùnkún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀, ẹ má fi í kún ikùn. Fún ohun mímu, tíì tútù tí kò ní ṣúgà tàbí Big Red, ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa kan. Ẹni tó máa wakọ̀ padà kó fi bíà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ìgò tó ti ṣí wọ ọkọ̀, òfin Texas kò gbà á, ì báà jẹ́ èrò ẹ̀yìn ló mú un dání.

Láàárín ilé kan sí èkejì, ẹ rìn yí ilé ẹjọ́ Caldwell County ká ní àárín Lockhart, ilé aláràbarà tí wọ́n parí ní 1894. Ikùn nílò wákàtí kan ó kéré tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Èyí tó ń lọ sílé

Ẹ rà á ní ilé tí ẹ lọ kẹ́yìn, kí ẹ tó kúrò nílùú. Ẹ ní kí wọ́n má ṣe gé e wẹ́wẹ́, odindi ègé ni kí wọ́n wé, torí ègé wẹ́wẹ́ máa ń gbẹ kó tó dé ilé. Ẹran sísè kò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ, bí ooru bá sì kọjá 90 Fahrenheit, bó ṣe máa ń rí ní Texas láti oṣù karùn-ún lọ, wákàtí kan ni. Houston jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Nítorí náà yìnyín kì í ṣe àṣeyẹ̀yẹ́: ẹ wé ẹran sí fóìlì, ẹ tún fi sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí yìnyín bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Búùtù ọkọ̀ kì í ṣe ibi tí à ń gbé e sí lásán.

Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Láti gbé e gbóná, ẹ má fi microwave fìyà jẹ ẹ́. Ẹ da omi ẹran díẹ̀ sí i nínú fóìlì, ẹ dì í pa, ẹ gbé e sínú ófùn ní 275 títí inú rẹ̀ á fi dé 165, kí ẹ tó gé e. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó fún ọbẹ̀ ata, ẹ sè ọbẹ̀ náà tán láìfi iyọ̀ púpọ̀ sí i, kí ẹ ju ẹran náà sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti rọ̀, ó ti níyọ̀, bó bá sì pẹ́ nínú ìkòkò, yóò tú ká sínú ọbẹ̀. Ẹ̀wà rírò gan-an ló bá a mu jù, pẹ̀lú dòdò.